Bàbá Má-Jókòó àti Àga Aláwọ Funfun Rẹ̀

Ẹni tí kò bá gbọ́ ìtàn òróró rí, kó má wulẹ̀ sọ pé òun mọ Bàbá Má-Jókòó. Gbogbo Ajégúnlẹ̀ ló ń sọ ìtàn náà, àwọn tí kò sì sí níbẹ̀ ló ń sọ ọ́ jù.

Òun ni ìpàdé àdúrà ilé kàn lọ́jọ́ náà, ni gbogbo wa bá kó ara wa lọ sí pálọ̀ rẹ̀. Àwọn àga aláwọ funfun yẹn tò kalẹ̀ rẹ̀rẹ̀, wọ́n funfun bíi mílíìkì, àwa tí a wá gbàdúrà sì dúró ti ògiri bí ẹni tí wọ́n fẹ́ yà ní fọ́tò, nítorí kò sẹ́ni tí wọ́n sọ fún pé kó jókòó. Pásítọ̀ Olúwakóredé ṣẹ̀ṣẹ̀ dé ìjọ wa nígbà náà. Ọ̀dọ́ ni, ara rẹ̀ ń gbóná fún iṣẹ́ Olúwa, kò sì tíì mọ irú ilé tí òun wọ̀. Ó yọ ìgò òróró àdúrà lápò, ó ṣí i, ó ní òun fẹ́ ya àwọn àga náà sí mímọ́. Òróró ti ń yọjú lẹ́nu ìgò nígbà tí Bàbá gbá ọwọ́ rẹ̀ mú.

"Pásítọ̀, kí lẹ fẹ́ ṣe yẹn?"

"Bàbá, mo fẹ́ ta òróró sí i ni. Jákọ́bù ta òróró ní Bẹ́tẹ́lì."

"Orí òkúta ni Jákọ́bù ta tiẹ̀ sí. Òkúta kì í fa òróró mu. Awọ ń fà á mu."

"Mósè náà ta á sí àgọ́ Olúwa, Bàbá. Awọ sì wà lára àgọ́ yẹn."

"Ẹ padà lọ ka Bíbélì yín dáadáa. Awọ àgbò tí wọ́n rẹ ní pupa ni. Pupa! Bí ẹ da gbogbo ìgò yẹn sára pupa, ta ló máa mọ̀? Ọlọ́run gan-an mọ̀ pé awọ funfun kò ṣeé gbé lọ sí aginjù."

Pásítọ̀ gbé ìgò dání, kò dà á, kò dé e.

"Ṣé kí n má wá ta á mọ́ ni, Bàbá?"

"Ẹ ta á sí mi lórí. Èmi ni mo ni wọ́n. Tí ìbùkún bá ti dé orí mi, á mọ ọ̀nà ọ̀dọ̀ wọn."

Inú ti ń bí Pásítọ̀, ó sì ta á dáadáa, òróró ń ṣàn lọ sẹ́yìn etí bàbá àgbàlagbà. Ni Bàbá bá jáde sí ìta, ó dúró lẹ́nu ọ̀nà títí a fi ṣe àmín ìkẹyìn, kí orí òun má baà kan awọ. Ilé rẹ̀ la ti ṣe ìpàdé, òun nìkan ló gbàdúrà láti ìta.

Timothy Oyèwọlé lorúkọ rẹ̀ gan-an. Ó gùn, ó tín-ín-rín, ó ń rìn bíi pé ilẹ̀ Ajégúnlẹ̀ kò mọ́ tó fún bàtà rẹ̀. Akọ̀wé ni ní ilé ìkẹ́rùsí kan ní Creek Road títí ó fi fẹ̀yìn tì. Nígbà tí òyìnbó tó jẹ́ ọ̀gá wọn ń padà sí ìlú rẹ̀, wọ́n lu gbogbo ẹrù ilé rẹ̀ ní Àpápá ní gbàǹjo. Àwọn ọlọ́gbọ́n ra jẹnẹrétọ̀. Àwọn tí ọgbọ́n wọn kò tó bẹ́ẹ̀ ra fíríìjì. Timothy Oyèwọlé ra àga aláwọ funfun, ó ń gbé e bọ̀ wá sí Ajégúnlẹ̀, níbi tí ẹrẹ̀ ti máa ń wọlé kí onílé tó wọlé.

Bó ṣe gbé wọn wálé gan-an, ìran ni. Ó fi gbogbo ìró ìyàwó rẹ̀ wé wọn, títí kan èyí tí obìnrin náà fi ṣègbéyàwó. Ó kó wọn sínú ọkọ̀ akẹ́rù. Awakọ̀ ní kó wá jókòó níwájú, ó ní rárá. Ẹsẹ̀ ló fi rìn lẹ́gbẹ̀ẹ́ ọkọ̀ láti Àpápá, ọwọ́ rẹ̀ lára àga, ó ń bá awakọ̀ jà ní gbogbo kòtò: "Rọra! Rọra, ṣé òkúta lo kó ni?" Àwọn tó rí i rò pé aláìsàn ló ń gbé lọ. Nígbà tí wọ́n fi máa dé ọjà Boundary, àwọn ènìyàn ti ń kí i, "Ẹ pẹ̀lẹ́ o, Bàbá. Ọlọ́run á wò ó sàn." Ó ń dáhùn pé àmín.

Láti ọjọ́ náà, kò gba ẹnikẹ́ni láàyè láti jókòó sórí àga wọ̀nyẹn. Òun fúnra rẹ̀ kò jókòó níbẹ̀ rí. Bẹ́ǹṣì onígi kan wà lẹ́nu ọ̀nà pálọ̀, ibẹ̀ ni òun àti Màmá Dinah, ìyàwó rẹ̀, máa ń jókòó sí ní ìrọ̀lẹ́, tí wọ́n á kọjú sí àwọn àga náà, tí wọ́n á máa wò wọ́n bí ẹni ń wo tẹlifíṣọ̀n. Ibẹ̀ la ti fún un ní orúkọ tó ń jẹ́ títí tó fi kú.

Tí o bá lọ kí i, wàá kọ́kọ́ yí ẹ̀yìn padà lẹ́nu ọ̀nà, kí ó lè yẹ ìdí aṣọ rẹ wò. Àgbà ni ọ́ o, ọmọdé ni ọ́ o, wàá yí i padà. Ó wọ jíǹsì tuntun? Bẹ́ǹṣì. Ó wọ àdìrẹ? Bẹ́ǹṣì. Pọ́mádì ń kán lórí rẹ̀? Ìta. Ó gbé ìwé ìròyìn dání? Kó lọ fọ íńkì kúrò lọ́wọ́ ná. Ẹni tí kò ní àléébù kankan ńkọ́? Bẹ́ǹṣì náà ni. Wíwò lásán ló ń wò ọ́.

Kí n má purọ́ mọ́ òkú, àga yẹn mọ́. Ní gbogbo àárọ̀ Sátidé, ó máa ń fi aṣọ gbígbẹ nu eruku ara wọn, pẹ̀lẹ́pẹ̀lẹ́. Lẹ́yìn náà, yóò po ọṣẹ ọmọdé díẹ̀ mọ́ omi tó lọ́ wọ́ọ́rọ́, yóò ti ògbólógbòó síńgílẹ́ẹ̀tì bọ̀ ọ́, yóò fún un títí omi kankan kò fi ní kán mọ́, kó tó fi nu awọ. Òmíràn tó mọ́ á tẹ̀lé e, òmíràn tó gbẹ á tẹ̀lé ìyẹn. Kì í gbé wọn síbi tí oòrùn ti lè tàn bá wọn. Ìpara awọ tó máa ń fi ra wọ́n lẹ́ẹ̀kọ̀ọ̀kan, ẹ̀yìn àga níbi tí ojú kò dé ló ti ń kọ́kọ́ dán an wò.

"Aṣọ tí màá fi nù ún gbọ́dọ̀ rọ̀ ju ẹnu ìyàwó mi lọ," ló máa ń wí.

"Ẹnu mi tó le yẹn náà ló ń bá yín bẹ Ọlọ́run," Màmá Dinah á sì dá a lóhùn láti ilé ìdáná.

Ó tún ní ìwàásù kan tí gbogbo àdúgbò ti mọ̀ sórí. "Àbàwọ́n ò yàtọ̀ sí àlejò burúkú," á ní. "Tó o bá tètè pàdé rẹ̀ lẹ́nu ọ̀nà, á padà. Tó o bá fún un láàyè kó jókòó, ó ti di onílé nìyẹn." Á wá gbé ìka sókè. "Aró ló burú jù nínú wọn. Tí aró bá fi lè gbẹ sára awọ funfun, kò sí ọṣẹ tó ń gbọ́ ẹ̀bẹ̀ rẹ mọ́." A ó máa mi orí, a ó máa fi ojú bá ara wa sọ̀rọ̀. Ta ló fẹ́ gbọ́ ìwàásù awọ lórí bẹ́ǹṣì?

Amaka, tó ń ta bàtà, tó sì ń gbé ní yàrá òdìkejì, ló lọ ra tiẹ̀. Ó ti wo ti Bàbá títí ojú rẹ̀ fi yọ́. Tiẹ̀ náà funfun, tiẹ̀ náà ń dán. Kò pẹ́ kò jìnnà, ọbẹ̀ dà sí i. Amaka kò bi ẹnikẹ́ni. Ó bu bílíìṣì, ó da ọṣẹ ìfọṣọ sí i, ó fi kànìnkànìn bó awọ ọlọ́wọ̀ bí ẹni ń fọ ìkòkò, ó sì gbé e sínú oòrùn kó gbẹ. Kí ilẹ̀ ọjọ́ kejì tó mọ́, àga ti sán bíi gìgísẹ̀ ìgbà ọyẹ́.

Bàbá gbọ́. Ó wọ aṣọ dúdú, ó fi Bíbélì há abíyá, ó kan ilẹ̀kùn Amaka.

"Amaka, kú ará fẹ́ra kù o. Ọlọ́run á tù ọ́ nínú."

Amaka gbé ọwọ́ lérí. "Ye! Baba, who die?"

Bàbá na ọwọ́ sí àga. "Màlúù yìí ni. Ó ti kú lẹ́ẹ̀kan ní ìlú òyìnbó. O tún wá pa á lẹ́ẹ̀kejì ní Ajégúnlẹ̀."

"Baba, abeg o! Àga lásán ni now!"

"Awọ ara ni. Ṣé wàá fi bílíìṣì fọ awọ ojú tìẹ?"

Ike ìpara tí Amaka fi ń bó ojú wà lórí tábìlì níbẹ̀, ó ń wo àwọn méjèèjì.

Àwa ń rẹ́rìn-ín o, àmọ́ Màmá Dinah kò rẹ́rìn-ín. Ọmọ kan ṣoṣo ni Ọlọ́run fún wọn, Ṣayọ̀, tó ń ṣiṣẹ́ ní ọ́fíìsì àwọn tó ń bá oníṣòwò gba ẹrù jáde ní wọ́ọ̀fù Àpápá. Ó rẹwà, ó mọ̀wé, ó ní sùúrù, ó sì ń dàgbà sílé. Kì í ṣe pé ọkùnrin kò wá. Ọ̀kan wá tòun ti jíǹsì tuntun, Bàbá ní kó lọ wọ èyí tó ti gbó wá. Kò padà wá. Òmíràn ti jókòó kí wọ́n tó rí i. Bàbá ní kó dìde, ó bu omi, ó sì nu ojú ibẹ̀ níṣojú ọmọ ọlọ́mọ. Ìyẹn pàdánù bàtà rẹ̀ kan lẹ́nu ọ̀nà níbi tó ti ń sá lọ.

Nígbà tí Ṣayọ̀ sọ pé ẹnì kan tún fẹ́ wá kí wọn, ìyá rẹ̀ kúnlẹ̀ níwájú Bàbá.

"Bàbá Ṣayọ̀, ẹ jọ̀ọ́. Ọkọ ni mo fẹ́ kí ọmọ mi ní. Ó lóun nífẹ̀ẹ́ ẹni yìí. Tí ẹ bá tún lé e, kò ní mú ẹlòmíràn wá mọ́, ó ti sọ fún mi. Àwọn àga yìí ni yóò wá máa pè yín ní bàbá àgbà."

"Ó kéré tán, àwọn kò ní tọ̀ sí mi lára," ni Bàbá wí.

Ó rò pé ìyàwó òun á rẹ́rìn-ín. Omi ló ń bọ̀ lójú obìnrin náà. Bàbá jókòó sórí bẹ́ǹṣì títí oúnjẹ fi délẹ̀.

Ẹni tó wá náà ń jẹ́ Ebimobowei. Ọmọ Bayelsa ni, tí wọ́n bí sí Snake Island ní òdìkejì omi, wẹ́dà tó ń jó irin pọ̀ ni níbi tí wọ́n ti ń tún ọkọ̀ ojú omi ṣe níbẹ̀. Bó ṣe dé ẹnu ọ̀nà, kí ẹnikẹ́ni tó lanu, ó ti yí ẹ̀yìn padà.

"Kí lò ń ṣe?" Bàbá bi í.

"Ṣayọ̀ ti sọ fún mi, sà. Mo ní kí n má dá yín dúró."

Bàbá wọ awò ojú rẹ̀, ó bẹ̀rẹ̀, ó wò ó lókè, ó wò ó nísàlẹ̀. Kò rí nǹkan kan. Ó dùn ún.

"Mò ń gbọ́ òórùn gíríìsì."

"Mo wẹ̀ kí n tó wọ ọkọ̀ ojú omi, sà."

"Ó ti wọ inú ara rẹ lọ nìyẹn. Bẹ́ǹṣì nìyẹn níbẹ̀."

"Ẹ ṣé, sà. Ọmọ yín ni mo wá fún. Mi ò wá fún àga yín."

Ẹ̀yin ará! Bàbá Má-Jókòó, ẹni tó bá Pásítọ̀ jiyàn lórí àgọ́ Mósè, kàn bọ́ awò ojú rẹ̀ ni. Ó wọ yàrá lọ bá ìyàwó rẹ̀. "Ẹnu ọmọ yẹn mú," ló sọ. "Ó lè bá Ṣayọ̀ gbé." Ó ní kí àwọn ẹbí Ebimobowei máa bọ̀ fún mọ̀-mí-n-mọ̀-ọ́, àti pé pálọ̀ òun ni wọ́n ti máa ṣe é, lórí àga òun. Màmá Dinah kò gba etí rẹ̀ gbọ́. Ó ní kó tún un wí.

Àmọ́ ìgbà wo ni Bàbá ṣe rere rí tí kò fi ata sí i? Ó pe Ebimobowei sẹ́yìn. "Kí àwọn ènìyàn rẹ má wọ aṣọ tó ń yọ aró wá o. Kí wọ́n wọ funfun, tàbí aṣọ tó ti gbó." Ebimobowei ní ó dáa, sà. Ẹ wá sọ fún mi, ọmọ wo ló máa lọ dúró níwájú ìyá rẹ̀, ìyá tó jẹ́ opó, tó fi ẹja yíyan tọ́ ọ dàgbà, kó ní, "Mọ́mì, bàbá ìyàwó mi ní kí ẹ wọ aṣọ tó ti gbó wá"? Kò sọ ọ́. Èmi náà kò ní sọ ọ́.

Lọ́jọ́ náà, gbogbo àdúgbò ló wá. Kí n má parọ́, kì í ṣe nítorí Ṣayọ̀. A fẹ́ wo ojú Bàbá nígbà tí ènìyàn bá jókòó sórí awọ rẹ̀. Ojú fèrèsé kún. Òjò sì rọ̀, òjò burúkú, èyí tí kì í béèrè pé ṣé o ní ayẹyẹ.

Ìyá Ebimobowei, tó ń jẹ́ Ebinimi, ti ra ìró tuntun sílẹ̀ fún ọjọ́ yìí, aláró tó dúdú mìnìjọ̀, tí kò tíì kan omi rí. Omi kàn án lọ́jọ́ náà. Òjò bá a nínú ọkọ̀ ojú omi, ó tún bá a nínú kẹ̀kẹ́, ó sì dé ẹnu ọ̀nà Bàbá pẹ̀lú ẹ̀rín músẹ́ àti aṣọ tó rin gbingbin. Bàbá ṣì wà ní yàrá, ó ń wọ agbádá léèsì funfun. Màmá Dinah ló jáde lọ pàdé rẹ̀. Kí ló fẹ́ ṣe? Kí ó ní kí ìyá ọkọ ọmọ òun jókòó sórí bẹ́ǹṣì? Kò sí ìlú tí wọ́n ti ń ṣe bẹ́ẹ̀. Ó fà á lọ́wọ́, ó mú un jókòó sórí àga ńlá tó wà láàárín.

Nígbà tí Bàbá jáde, ìyá náà fẹ́ dìde kí i, bí ó ti yẹ. Ó fi ọwọ́ ti àga kó lè dìde, ó rí i pé àtẹ́lẹwọ́ òun ti di aró. Ó bojú wẹ̀yìn. Gbogbo ibi tó jókòó sí ti dúdú, ó tẹ́ rẹrẹ sórí funfun yẹn.

Ẹ̀rín kúrò lójú rẹ̀. Ó kàn dúró bẹ́ẹ̀, kò dìde tán, kò jókòó. Ìyàwó ló wá tọrọ fún ọmọ rẹ̀, ó sì ti ba ilé àna jẹ́ kí wọ́n tó sọ gbólóhùn kan. Ebimobowei kò tíì rí i, ó ń bá àwọn àgbà ẹbí rẹ̀ gbọn òjò kúrò lára agboorùn. Ṣayọ̀ rí i. Ó wà lẹ́nu ọ̀nà ilé ìdáná pẹ̀lú tírè ife lọ́wọ́.

Ọpọ́n omi àti síńgílẹ́ẹ̀tì wà ní kọ̀rọ̀, Bàbá ti pèsè wọn sílẹ̀ fún irú nǹkan báyìí. Aró yẹn ṣì tutù. Bí ó bá nù ún lójú ẹsẹ̀, á lọ, kò sí ẹni tó mọ ìyẹn tó Bàbá. Àmọ́ kó tó lè nù ún, obìnrin náà ní láti dìde dúró ní àárín pálọ̀, kí ẹbí méjèèjì máa wò ó bí wọ́n ṣe ń nu ìdí rẹ̀ kúrò lórí àga. Bàbá wo aró. Ó wo ọpọ́n. Ó wo ọmọ rẹ̀.

"Ìyá wa, ẹ káàbọ̀," ló wí. "Ẹ pẹ̀lẹ́ òjò. Ẹ jókòó, ẹ má dìde. Ẹ bá mi sún díẹ̀."

Ó ká agbádá funfun rẹ̀ jọ, ó sì jókòó sórí aró náà.

Ariwo ta lójú fèrèsé, níbi tí a kò ti rí aró. "Ye! Bàbá Má-Jókòó jókòó!" Ẹnì kan pàtẹ́wọ́. Ẹnì kan ti ń fi fóònù ya fọ́tò. Ìyá Ebimobowei sún, aró bá a sún lọ síbi tuntun, Bàbá kò wo ibẹ̀. Ó ń bi í léèrè bóyá ẹja wọ́n lọ́dún yìí.

Ó wá kù kó dìde. Kò dìde! Àwọn àna dọ̀bálẹ̀, ó yẹ kó dìde gbé wọn sókè, ó ní kí wọ́n máa bọ̀ níbi tí òun wà. Wọ́n pè é síta fún fọ́tò, ó ní kí ẹni tó fẹ́ yà á wọlé. Pásítọ̀ Olúwakóredé ní, "Ẹ jẹ́ ká dìde fún àdúrà." Gbogbo ilé dìde. Ìyá Ebimobowei fẹ́ dìde, Bàbá fi ọwọ́ tẹ̀ ẹ́ padà.

"Ó ti rẹ ìyá yìí, Pásítọ̀. Orúnkún ń dun èmi náà. Ẹ máa gbà á lọ. Ọlọ́run ń gbọ́ ti ẹni tó jókòó."

Pásítọ̀ kò tíì gbàgbé ọ̀rọ̀ òróró. Ojú rẹ̀ korò. Ó gbàdúrà kúkúrú, ohùn rẹ̀ le. Àwa tí a wà lójú fèrèsé kò sì dákẹ́. A ní, ẹ wo agbéraga, ó rí àga jókòó sí lẹ́ẹ̀kan, ó kọ̀ láti dìde fún Olódùmarè.

Nígbà tí àwọn àlejò ń lọ, bí ìyá náà ṣe dìde ni Bàbá tẹ́ apá agbádá rẹ̀ bo ibi tó ṣí sílẹ̀. Ó jókòó gbọn-in títí ẹni ìkẹyìn fi jáde. Ó wá ní kí Màmá Dinah ti ilẹ̀kùn, ó sì dìde. Àga ti bàjẹ́. Gbogbo ẹ̀yìn léèsì funfun náà ti di aró, láti ìbàdí títí dé ìsàlẹ̀.

Màmá Dinah wò ó, ó gbá ọwọ́ mọ́ ẹnu. "Bàbá Ṣayọ̀, ẹ yí ẹ̀yìn padà kí n wò yín dáadáa."

Ó yí i padà. Ó gbọ́ràn wẹ́rẹ́.

"Bẹ́ǹṣì," ni ìyàwó rẹ̀ wí, ló bá bú sẹ́rìn-ín. Ó rẹ́rìn-ín títí ó fi jókòó sílẹ̀ẹ́lẹ̀, ó di ẹsẹ̀ ọkọ rẹ̀ mú, ẹkún sì wọ inú ẹ̀rín náà. Ṣayọ̀ bá wọn níbẹ̀ bẹ́ẹ̀.

Bàbá ní kí àwọn méjèèjì má sọ fún ẹnì kankan, wọn kò sì sọ. Lọ́jọ́ Ìsinmi tó tẹ̀lé e, Pásítọ̀ wàásù lórí ìgbéraga, ó ń wo ọ̀gangan ibi tí Bàbá jókòó sí. Bàbá ló ń ṣe àmín tó lágbára jù. Ṣayọ̀ àti Ebimobowei ṣègbéyàwó lọ́dún yẹn, wọ́n sì ń gbé dáadáa. Aró kò kúrò lára àga, a kò sì mọ bó ṣe débẹ̀. Ní gbogbo Sátidé, Bàbá á nu gbogbo awọ náà, tó bá kan ibẹ̀, á fò ó. A ń fi í ṣe yẹ̀yẹ́ pé ìmọ̀ rẹ̀ ti tán. Ó ní a ò mọ nǹkan kan, àwa ọmọ bílíìṣì.

Ó kú lọ́dún tó kọjá, àìsàn tí kò pẹ́. A lọ kí Màmá Dinah. Màmá ní kí a jókòó, kò sẹ́ni tó jókòó, gbogbo wa dúró ti ògiri, ìdí wa kò gbà á. Ebinimi ló sọdá omi wá, ó wọlé, ó rìn tààrà lọ sórí àga ńlá, ó jókòó sórí aró náà, ó fi ọwọ́ gbá a, ó ń sunkún. Pásítọ̀ ní ká gbàdúrà. Ó ní kí ẹni tó jókòó dìde.

"Pastor, ẹ dúró," ni Ebinimi wí. "Èmi ò ní dìde. Make I talk first. Ọjọ́ tí a wá tọrọ Ṣayọ̀, aṣọ mi ló ba ibí yìí jẹ́. Èmi ni! Bàbá rí i. Tó bá dìde pẹ́nrẹ́n, gbogbo yín lẹ máa rí i. Kì í ṣe àga ló jókòó lé lọ́jọ́ yẹn. Ìtìjú mi ló jókòó lé, kí ojú má ti ọmọ mi."

Pásítọ̀ gbé Bíbélì lé àyà. "Mo mà wàásù lórí ìgbéraga o," ló wí, "ó sì ń ṣe àmín." Ẹnì kan nínú wa bú sẹ́rìn-ín. Ibẹ̀ ni gbogbo wa ti bẹ̀rẹ̀, Amaka, Pásítọ̀, gbogbo ilé, a rẹ́rìn-ín ọkùnrin yẹn títí ọ̀fun fi ń dùn wá, títí a kò fi mọ ìgbà tó di ẹkún. Mo fẹ́ràn rẹ̀. Gbogbo wa la fẹ́ràn rẹ̀, ẹnu rẹ̀ burúkú yẹn ni kò jẹ́ ká sọ ọ́ létí rẹ̀.

Màmá Dinah bọ́ gèlè rẹ̀, ó fi nu ojú Ebinimi, ó sì tẹ́ ẹ sórí awọ lábẹ́ àgbọ̀n obìnrin náà.

"Ẹ rọra," ló wí. "Ká ní ó wà níbí, á ní kí ẹ má jẹ́ kó kán sí i. Iyọ̀ wà nínú omijé."

A sì nu ojú wa.